Àdúrà Mummy nínú Àwókù Ìlú Líkíà

Ẹ̀yin ará Thamesmead ní London, Mummy mi ti dójú tì mí dé ilẹ̀ Tọ́kì lónìí o!

Mo mú wọn wá wo àwókù ìlú tí àwọn ará Líkíà àtijọ́ kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè. Orúnkún ń dùn wọ́n, àmọ́ wọ́n ní Líkíà wà nínú Bíbélì, àwọn á gùn ún dandan.

A dé ibi ìwòran kan tí ìjókòó òkúta yí ká. Mummy bọ́ bàtà, wọ́n dúró sí àárín, ó di àdúrà. Wọn ò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe kọ́ ibẹ̀, ẹni tó jókòó lókè pátápátá ń gbọ́ gbogbo ẹ̀.

"Baba, fún Fúnkẹ́ ọmọ mi lọ́kọ! Kódà kó jẹ́ ará Woolwich tó múlé tì wá!"

Ohùn ọkùnrin kan dáhùn lókè: "Àmín o, Mummy! Woolwich ni mò ń gbé!"

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Èmi sá pamọ́ sẹ́yìn òkúta. Kí n tó jáde, Mummy ti fún un ní nọ́ńbà mi.

Ó ti text mi báyìí, ó ní ká jọ rìn ní Birchmere Park tá a bá délé. Mi ò ní purọ́, ó rẹwà.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí n fèsì, àbí kí n ṣe ìyàngà díẹ̀ ná?