Òórùn Káfúrà ní Ilé Iwin

Ọkọ mi ní kí n yọ káfúrà kúrò nínú wọ́dúróòbù, pé ó ń rùn bí òkú. Òórùn yẹn ti gbé mi padà sí ìgbà èwe mi, sẹ́yìn rélùwéè l'Óṣòdì, sí pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní ilé iwin. Wọ́n ní òkú obìnrin kan ń rìn nínú ẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n wẹ òkú ìyá bàbá mi nìkan ni mo ti gbóòórùn káfúrà rí, òun náà ló sì ń tú jáde lójú fèrèsé ilé yẹn lọ́sàn-án gangan. Àwọn ọmọ yòókù ní mi ò láyà láti wọ ibẹ̀. Mo bá wọlé.

Ìyá arúgbó kan jókòó sórí ẹní, ó ń fi káfúrà sáàárín àwọn aṣọ òkè rẹ̀ kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ̀yin ni òkú náà?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn bùọ̀dá tó máa ń jókòó sí géètì ni."

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ olóògbé ni wọ́n, pé wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ iwin lé e jáde kí wọ́n lè ta ilé náà.

Ó fi káfúrà kan sí mi lọ́wọ́. "Sọ fún wọn pé òkú ní òun ò kó lọ síbì kankan."

Mo dúró ní géètì, mo pariwo ẹ̀ lójú wọn.