Difurẹ́ńṣà Tí Mo Jó Pọ̀ fún Modu

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Modu gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Bulabulin, ohun tó sọ lẹ́yìn tó kí mi ni pé, "Ọ̀gá Gàní, mo fẹ́ kí ẹ bá mi jó difurẹ́ńṣà rẹ̀ pọ̀." Mo rò pé n kò gbọ́ Hausa rẹ̀ yé ni, bẹ́ẹ̀ Maiduguri ni wọ́n bí mi sí. Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn òbí mi ti wá, ṣùgbọ́n Hausa yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu ju èdè bàbá mi lọ. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Difurẹ́ńṣà ni irin róbótó tó wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ méjèèjì. Òun ló ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún wọn. Tí ọkọ̀ bá ń yí kọ̀ńà, ẹsẹ̀ tó wà lóde kọ̀ńà máa ń rìn jìnnà ju ti inú lọ, àwọn jíà kéékèèké inú difurẹ́ńṣà ló sì ń jẹ́ kí ọ̀kan lè yá ju èkejì. Tí a bá fi iná wẹ́dà jó àwọn jíà náà pọ̀, ó parí. Méjèèjì á máa yí bákan náà, bó ti wù kí ọ̀nà rí. Ohun táwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe dírífù ń fẹ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá ń ṣe ìgbéyàwó, wọ́n á kó ọkọ̀ lọ sí pápá, wọ́n á fún un níná, ẹ̀yìn ọkọ̀ á máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ìrù màálù, yanrìn á sì bo gbogbo ẹni tó ń wòran.

Àmọ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo ni Modu ní. Ó wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì, òun àti bàbá rẹ̀ ń gbé ní Fori, ọkọ̀ yẹn náà ló sì ń gbé e lọ síléèwé lójoojúmọ́.

Mo sọ fún un pé, "Ọkọ̀ pápá lo fẹ́ sọ ọ́ dà yìí o. Lórí títì, yóò máa bá ọ jà ní gbogbo kọ̀ńà. Yóò jẹ táyà. Bí òjò bá rọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ lè yọ̀ lọ."

"Mo mọ̀, Ọ̀gá. Èmi náà ni mo ń wà á."

Mo ṣe é. Mo fi epo bẹntiróòlù fọ àwọn jíà náà títí wọ́n fi funfun, nítorí bí ọ̀rá bá kù lára irin, ojú jíjó á kún fún ihò, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi là. Iṣẹ́ náà wù mí. Nígbà tí Modu yà kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, táyà ké, ọkọ̀ ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí ewúrẹ́ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rín ni Modu ń rín. Lẹ́yìn náà ó wá sọ fún mi pé yanrìn Fori kì í mú òun mọ́, torí bí ẹsẹ̀ kan bá rì, èkejì á fà á jáde. Inú mi dùn.

Ó ṣe díẹ̀, ó mú bàbá rẹ̀ wá. Lọ́rì ni Bàbá Kyari ń wà títí ojú rẹ̀ fi fọ́, ìbàdí sì tún ń dùn ún, ìdí nìyẹn tí Modu fi ń gbé e lọ sí ọsibítù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bàbá ló ní kó mú òun wá sọ́dọ̀ mi.

"Ṣé ìwọ lo ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ ọmọ mi?"

"Èmi ni, Baba."

"Ó ń gbá mi ní ìbàdí ní gbogbo kọ̀ńà. Lọ́jọ́ tí a lọ gbẹ̀yìn, mo sọ fún dókítà pé ara mi ti yá, kí n má baà tún wọ̀ ọ́ lọ síbẹ̀."

Modu wò ó. Kò mọ̀ rárá. "Baba, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Èmi ni bàbá dá lóhùn. "Ó máa ń kọrin tó bá ń wà á. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, n kò gbọ́ orin nílé wa."

Modu wá ní kí n tú u. Mo sọ fún un pé ohun tí a bá ti jó pọ̀ báyẹn kò ṣeé tú mọ́, àfi ká wá òmíràn. A rí tòkúnbọ̀ kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀. Bí mo ṣe fẹ́ gbé ọkọ̀ sókè, bàbá ní, "Ẹ dúró. Kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ gbé mi lọ sí pápá."

Modu ní, "Baba, ìbàdí yín ńkọ́?"

"Ìbàdí mi ni, kì í ṣe tìrẹ."

A lọ sí pápá kan lọ́nà Khaddamari. Èmi wà lẹ́yìn, bàbá wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Modu kọ́kọ́ rọra yí i. Bàbá ní, "Ṣé gbogbo rẹ̀ náà nìyí?" Modu bá fún un níná. Ẹ̀yìn ọkọ̀ já lọ, yanrìn wọlé láti ojú fèrèsé, bàbá fi ọwọ́ méjèèjì di iwájú ọkọ̀ mú, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Mo rò pé ìrora ni. Nígbà tí mo tẹ̀ síwájú láti wò ó, ẹ̀rín ló ń rín, ẹ̀rín tí kò ní ohùn.

Nígbà tí a dúró, ó nu yanrìn kúrò ní irùngbọ̀n rẹ̀. "Bó ṣe rí lára mi nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi lọ́rì lé mi lọ́wọ́." Ó wá ní, "To, ó dáa. Ẹ lọ yọ ọ́."

Mo yọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Bàbá Kyari padà sọ́dọ̀ dókítà, ó sì sọ òtítọ́ fún un.

Àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń wá bá mi fún iṣẹ́ yìí, n kì í lé wọn. Ṣùgbọ́n kí n tó tú nọ́ọ̀tì kankan, mo máa ń bi wọ́n pé ta ló tún ń jókòó nínú ọkọ̀ náà. Àwọn kan á dáhùn kíá pé àwọn nìkan ni, mo sì máa ń ṣe iṣẹ́ wọn. Àwọn mìíràn á kọ́kọ́ máa wo ìjókòó ẹ̀gbẹ́ dẹ́rẹ́bà. N kì í kán wọn lójú. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n wò ó tẹ́rùn.