Ìgò Oyin àti Ọ̀rá Òjòlá Tí Wọ́n Ní Kí N Fi Ti Kẹ́mò Lẹ́yìn

Ẹ fún mi láàyè kí n sọ ohun tójú mi rí, torí inú ṣì ń bí mi.

Iléṣà níbí ni mo ti ń ránṣọ. Jẹjẹrẹ ọmú ló ń ṣe mí, mo sì ń gba kẹ́mò, oògùn líle tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, ní ọsibítù. Mo ti gbà á lẹ́ẹ̀mejì, irun mi ti re tán, kókó tó wà lọ́mú mi sì ti ń kéré.

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Àǹtí Bọ́sẹ̀, gbé ìgò dúdú kan dé láti Òṣogbo. Old Garage ni wọ́n ti rà á. Wọ́n ní oyin, ọ̀rá òjòlá àti oró tí kòkòrò oyin fi ń ta èèyàn ni wọ́n pò pọ̀, pé yóò jẹ́ kí kẹ́mò tètè ṣiṣẹ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ bi dókítà. Wọ́n ní ṣé mi ò ro ti àwọn ọmọ mi ni? Kí ni ìyàwó ilé fẹ́ sọ sí ìyẹn? Mo ń mu ṣíbí kan láràárọ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹyinjú mi fi di yẹ́lò. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó ní ẹ̀dọ̀ mi ń jìyà, mi ò lè gba kẹ́mò kẹta. Ó bi mí pé kí ni mo tún ń lò. Mo gbé ìgò jáde.

Kò pariwo mọ́ mi. Ó ní òótọ́ ni pé àwọn onímọ̀ ń yẹ oyin àti oró rẹ̀ wò bóyá ó lè ran kẹ́mò lọ́wọ́, àmọ́ wọn ò tíì parí iṣẹ́. Ó wá ní, “Ẹni tó po èyí ò mọ ohun tó máa ṣe lára yín, èmi náà ò mọ̀ ọ́n.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi jókòó sílé. Ojoojúmọ́ ni mò ń fọwọ́ kan kókó yẹn, ó sì tún ń tóbi. Àǹtí ní oògùn òyìnbó ló ba ẹ̀dọ̀ mi jẹ́.

Nígbà tí ara mi gbé e, mo wá ọkùnrin tó ń tà á lọ sí Old Garage. Mo ro ẹjọ́ mi, mo sì sọ gbogbo ohun tí dókítà wí fún un.

Ó ní, “Màdámù, ṣé ẹ kú ni?” Ó ní àwọn òyìnbó gan-an ń fi oró oyin wo jẹjẹrẹ. Ẹ ò rí i? Ó ti gbọ́ ohun tí dókítà sọ, ó kàn gé e síbi tó wù ú ni.

Obìnrin kan dúró tì wá, ó fọwọ́ di ọmú rẹ̀ kan mú. Mo ṣí ìborí mi, mo ní kó wò mí dáadáa, kó bi dókítà rẹ̀ kó tó mu ún. Ó ní kò sẹ́ni tó ráyè gbọ́ tòun ní ọsibítù, ọkùnrin yìí nìkan ló tẹ́tí sí òun. Ó ra ìgò kan lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Mo ti padà sídìí kẹ́mò báyìí. Mi ò ní kẹ́ni má jẹ oyin. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́ fún dókítà yín. Ẹ̀yin dókítà náà, ẹ máa gbọ́ tiwa, torí àwọn tó ń ta ìgò ń gbọ́ ọ. Ta ni wọ́n tún ti gbé irú ìgò yìí fún nínú yín? Ẹ sọ ọ́ síbí, kí ẹlòmíì lè rí i kà.