Ìgbẹ́ Adìyẹ Tí Mo Kó Sídìí Ọsàn

Òórùn ìgbẹ́ adìyẹ ló kọ́kọ́ pàdé mi lóko ọsàn ìyá mi lẹ́bàá Erúnmu láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ta mí nímú débi pé omi bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo nu ojú tán ni mo rí i pé ewé ọsàn ti jó létí bí ẹni fi iná rà á, òmíràn sì ti já bọ́ sílẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n kó ìgbẹ́ náà síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú.

A ti fi ajílẹ̀ inú àpò sílẹ̀, nítorí oníbàárà kan fẹ́ ọsàn tí kò ní kẹ́míkà. Ilẹ̀ tí ajílẹ̀ yẹn ti mọ́ lára kò yára gbọ́ràn. Ewé ń pọ́n, èso ń kéré. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì ti sọ ọ́ gbangba pé bí ọsàn bá kùnà, òun á gé ilẹ̀ náà ní púlọ́ọ̀tì tà, bí wọ́n ti ń ṣe lọ́nà Adégbayì. Ó ti ní kí awọnlẹ̀ ri òpó mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kánjú.

Lọ́jọ́ tí ìgbẹ́ náà dé, bàbá alágbàṣe tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ ìyá mi kìlọ̀ fún mi. "Ọ̀gá kékeré, ẹ jẹ́ ká pò ó mọ́ ewé gbígbẹ, kó jẹrà ná. Bó ṣe gbóná yìí, àbí ẹ fẹ́ se ọsàn jẹ ni?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí wọ́n kó o jọ sídìí igi.

Láàárọ̀ tí mo rí ewé tó jó yẹn, nígbà tí ìyá mi dé oko, wọ́n ní, "Ta ló dán irú èyí wò?" Mo wolẹ̀. Bàbá alágbàṣe tó wà níbẹ̀ wò mí, wọ́n dúró dè mí. Ìyá mi yíjú sí wọn: "Bàbá, ẹ̀yin tí mo fọkàn tán!" Bàbá mú àdá wọn, wọ́n lọ. Mo ń sọ fún ara mi pé nítorí ilẹ̀ ni mo ṣe dákẹ́, kí ẹ̀gbọ́n mi má baà rí ìdí tà á. Irọ́ ni. Ojú ara mi ni mò ń bò.

Lọ́jọ́ kẹta mo lọ bẹ bàbá náà nílé wọn pé kí wọ́n wá gba ọsàn là.

"Ẹnu tẹ́ ẹ fi dákẹ́ níjọ́sí lẹ fẹ́ fi bẹ̀ mí? Ẹ kọ́kọ́ lọ fi sọ̀rọ̀ nílé."

Mo jẹ́wọ́ fún ìyá mi lójú ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín: "Akọ̀wé àgbẹ̀!" Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wọ bàtà, wọ́n fi ẹsẹ̀ arúgbó wọn lọ bẹ bàbá náà nítorí ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Bàbá padà. A kó ìgbẹ́ náà kúrò nídìí igi, a pò ó mọ́ ewé gbígbẹ, a bò ó sábẹ́ ibòòji títí ó fi dúdú tí kò rùn mọ́. A wá fọ́n ọn jìnnà díẹ̀ sí ìdí igi, a sì gbin ẹ̀wà sáàárín ọsàn kó bo ilẹ̀. Igi mélòó kan kú. Ìyókù rúwé nígbà tí òjò rọ̀ dáadáa.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn tí a ká ọsàn tó pọ̀, ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ ara rẹ̀ hú àwọn òpó náà kúrò. Ìyá mi jó. Ẹ̀rù bọ́ kúrò láyà mi, ìtìjú ò bá a lọ. Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ẹni tó gba oko náà là, mo máa ń yára nawọ́ sí bàbá yẹn, kí ẹnu mi má baà tún pẹ́ kó tó sọ òtítọ́.