Àga Màmá Bọ́ Sórí Gbànjo

Obìnrin aránṣọ kan wà tí àwọn ará àdúgbò kì í rí nǹkan bá a wí sí, àyàfi lórí ọ̀rọ̀ àga. Kì í ṣòfófó, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Àga ṣáá ni tiẹ̀. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń wo aṣọ àti bàtà lórí fóònù, àga ni òun ń wò, pàápàá jù lọ níbi ọjà gbànjo orí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí oníkálukú ti ń fi owó lé owó títí àkókò á fi pé, tí ẹni tí tiẹ̀ bá ga jù á sì gbé ọjà lọ. Ohun tó ń wá níbẹ̀ ni àga ojúlówó tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀ pé ojúlówó ni. Irú wọn pọ̀ jáǹtìrẹrẹ. Àwọn èèyàn á kó ẹrù ilé òbí wọn síta, wọ́n á ya fọ́tò játijàti, wọ́n á kọ "àga àtijọ́, ó ṣì dáa" sí i, ó parí nìyẹn. Wọn ò mọ̀ pé ògbóǹtarìgì ayàwòrán-àga kan ti fi ọ̀pọ̀ oṣù ronú lórí bí apá àga yẹn ṣe máa tẹ̀. Aránṣọ wa mọ̀. Á rà á ní owó pọ́ọ́kú, á rán tìmùtìmù tuntun sí i, á wá tà á fún ẹni tó mọyì rẹ̀. Ìyẹn tó bá lè tà á o! Àwọn tí kò lè tà ló kún ilé dẹ́nu.

Ọkọ rẹ̀, tó ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé-ìwé, jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó fẹsẹ̀ kọ àga tuntun kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fojú gbálẹ̀, ó yarí pátápátá.

"Ṣé àwa la nilé yìí ni," ó ní, "àbí àwọn àga wọ̀nyí ló ń gbà wá lálejò?"

Wọ́n bá fẹnu kò pé bí ọ̀kan bá ti wọlé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jáde. Ọkọ ló ń gbé àwọn tó máa jáde sórí gbànjo, orúkọ tí ìyàwó rẹ̀ fi ń rajà níbẹ̀ náà ló sì ń lò, torí kò fẹ́ wàhálà.

Àga kan ṣoṣo ni àdéhùn yìí kò kàn, ìyẹn àga Màmá. Màmá ni ìyá aránṣọ, yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n fún un nínú ilé náà. Aránṣọ ti ra àga yìí lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kó kúrò nílé, òǹtẹ̀ ògbóǹtarìgì ayàwòrán-àga kan sì wà lábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Ká ní ó fẹ́ tà á ni, owó rẹ̀ á tún òrùlé ilé ṣe, á sì tún ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Màmá kọ́kọ́ jókòó sí i, ó mí kanlẹ̀, ó gbé orí lé ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì sùn lọ. Ta ló máa gba àga lábẹ́ ìyá ẹ̀?

Nígbà tí Màmá ṣubú ní balùwẹ̀ tí wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ìbàdí, ó pẹ́ ní ọsibítù. Ara rẹ̀ ń yá, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ le.

"Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa gbé mi bí àpò sìmẹ́ǹtì," ó ní. "Tí mi ò bá ti lè dá dìde níbi tí mo jókòó sí, ilé àwọn arúgbó ni kí ẹ mú mi lọ. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí àlejò máa gbé mi ju kí àna mi máa gbé mi lọ."

Kò fi ṣeré o. Ó ti ní kí nọ́ọ̀sì bá òun bèèrè bóyá àyè wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ aránṣọ lọ́kàn débi pé oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Kò fẹ́ kí ìyá òun máa jí láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń kọ́ Màmá ní ìrìn ló fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀. Ó ní bí àga tó ga dáadáa bá wà nílé, tí apá rẹ̀ sì le, Màmá á máa dá dìde.

"Àga mi wà nílé," ni Màmá wí, ojú rẹ̀ sì là. "Tí àga mi bá ń dúró dè mí, mò ń bá yín lọ. Tí kò bá sí ńbẹ̀ o, ẹ kúkú ti mọ ibi tí mò ń lọ."

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n dá Màmá sílẹ̀, aránṣọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, ó ń dúró kí dókítà bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ tán. Ọwọ́ rẹ̀ kò lè gbé jẹ́ẹ́, ló bá ṣí ojú ọjà gbànjo. Ó ń wo èyí, ó ń wo tọ̀hún, àfi bó ṣe rí kinní kan. Yéè! Fọ́tò náà burú kọjá àfẹnusọ. Wọ́n gbé abọ́ ìfọṣọ lé àga lórí, aṣọ ìbora wọ́ láti orí ìjókòó títí dé ilẹ̀, gbogbo ẹ̀ sì ṣókùnkùn. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ kò ju "Àga. Ó ń dún díẹ̀" lọ. Ṣùgbọ́n apá méjèèjì yọ síta lábẹ́ aṣọ, ẹ̀yìn àga náà sì hàn. Kò sí bí aránṣọ ṣe máa rí irú apá bẹ́ẹ̀ kó má dá a mọ̀.

"Ta ni dìndìnrìn tó gbé irú èyí síta?" ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ń pa á. Ìkejì ti Màmá rèé! Ó sáré fi owó lé e. Ẹ̀rọ kọ̀. Ó tún un tẹ̀. Ni ọ̀rọ̀ pupa kan bá yọ sójú fóònù: "Ẹ kò lè ra ọjà ara yín."

Ó kọ́kọ́ rò pé fóònù ló ń ṣe wèrè. Ó wá fẹ fọ́tò náà lójú. Ògiri tó wà lẹ́yìn àga, ọ̀dà tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kun ilé wọn de Màmá ló wà lára rẹ̀, sálúbàtà ọkọ rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ gbọnrangandan. Ó pe ọkọ rẹ̀ kíákíá.

"Ọkọ mi, ẹ dákun," ó ní nígbà tí ọkọ gbé fóònù, "àga Màmá dà?"

"Àga Màmá kẹ̀? Ó wà ní yàrá wọn."

"Ẹ bá mi wò ó."

Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ àti bí ó ṣe ṣí ilẹ̀kùn yàrá.

"Háà," ni ọkọ wí.

"Kí ni háà?"

"Àwọn akunlé ti gbé e síta nígbà tí wọ́n ń kun yàrá. Ọ̀nà àbáwọlé ló wà, láàárín àwọn tó kù, aṣọ bò ó. Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní kí n kó gbogbo àga tó wà lọ́nà sórí gbànjo, kí ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin Màmá lè ráyè kọjá? Gbogbo ẹ̀ lo wí. Mo sì kó gbogbo ẹ̀."

Òótọ́ ni. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń sáré lọ ra oògùn. Ohun tó tiẹ̀ dùn ún jù nìyẹn, pé kò rí ẹni tó máa bínú sí.

Ó pe àwọn tó ni ọjà gbànjo. Ọkùnrin kan dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ẹ má bínú, mà. Ẹnì kan ti fi owó lé e, a kì í sì í gbé ọjà kúrò tí owó bá ti gorí ẹ̀. Ẹ má sì rán ẹnikẹ́ni pé kó bá yín rà á o. Ẹ̀tàn nìyẹn, a máa ti orúkọ yín pa ni."

Nígbà tó délé, òun àti ọkọ rẹ̀ jókòó ti tábìlì ìjẹun, wọ́n tẹjú mọ́ fóònù, torí alẹ́ yẹn ni àkókò gbànjo náà máa pé. Ọkọ ń tù ú nínú. Ó ní fọ́tò náà burú, ta ló máa fẹ́ ra irú rẹ̀? Aránṣọ wò ó, àánú rẹ̀ ṣe é. Fọ́tò burúkú gan-an ni àwọn bíi tòun ń wá kiri! Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kéré tí iná kò sì tó, ibẹ̀ ni wọ́n ń dúró sí. Bó ṣe ń ronú báyìí lọ́wọ́ ni owó fò sókè, ó tún fò, ẹni tó sì wà lókè ni Ojú Àṣá.

Àwọn tó ń ra àga lórí gbànjo mọ Ojú Àṣá dáadáa. Orúkọ tó ń lò níbẹ̀ nìyẹn, ó sì yẹ ẹ́. Ó ti gba àga lọ́wọ́ aránṣọ rí nígbà tí àkókò kù fẹ́ẹ́rẹ́. Báyìí náà ló ṣe tó fi mú àga Màmá. Aránṣọ kọ̀wé sí i kíá, ó bẹ̀ ẹ́ pé ìyá òun ló ni àga náà, ó ṣiṣẹ́ abẹ, àga yìí nìkan ló lè dá dìde lórí ẹ̀. Èsì dé.

"Mà, ẹ̀ẹ́ rí i, gbogbo ẹni tó bá ti mọ iye tí ọjà ẹ̀ tó lẹ́yìn tí mo rà á ló máa ń ní ìyá tára ẹ̀ ò yá. Mò ń bọ̀ wá gbé e láàárọ̀ ọ̀la."

Láàárọ̀, ọkọ gba ọsibítù lọ láti mú Màmá wálé. Aránṣọ bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra wakọ̀, kí òun lè ráyè bẹ ọkùnrin yìí kí wọ́n tó dé. Ó to àga tó kù nílé síta, gbogbo èyí tí kò lè tà rí, kí Ojú Àṣá mú èyí tó bá wù ú dípò ti Màmá.

Ọkùnrin tínrín kan ni Ojú Àṣá, iná tọ́ọ̀ṣì kékeré wà lápò ẹ̀wù rẹ̀. Ó kí i dáadáa, kò tiẹ̀ wo àwọn àga tó kù. Ó ṣí aṣọ ìbora kúrò, ó fọwọ́ pa apá àga, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ló dojú àga délẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí òǹtẹ̀, ó mi orí pé ojúlówó ni. Ó tan án sí ẹsẹ̀. Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀.

"Kí lèyí?" ó ní. "Wọ́n ti gé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀, wọ́n sì fi igi mìíràn lé e. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin! Ẹ wojú oríkèé ẹ̀! Ìyẹn ló jẹ́ kó máa dún. Ta ló hu irú ìwà ọ̀daràn yìí?"

"Èmi ni," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn wọn.

Màmá ló dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó di ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rẹ̀ mú, àna rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò mọ ẹni tí àlejò náà jẹ́. Ohun tó rí ni pé wọ́n dojú àga òun délẹ̀, àṣírí sì ti tú.

"Ọmọ mi, má bínú sí mi," ó ní. "Ó ti rẹlẹ̀ jù fún orúnkún mi. Mo fẹ́ sọ fún ẹ, ṣùgbọ́n bó o ṣe ń nù ún yẹn, ẹnu mi ò gbà á. Lọ́jọ́ tó o lọ sí ṣọ́ọ̀bù ni mo pe káfíńtà kó wá gbé e ga. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi aṣọ bò ó títí dé ilẹ̀."

Aránṣọ wo ẹsẹ̀ àga. Gbogbo ojú tó ní yìí, tó fi ń mọ àga lórí fọ́tò, kò rí èyí tó wà nínú ilé rẹ̀! Lọ́jọ́ mìíràn, igbe ni ì bá ké. Ó yí sí Ojú Àṣá.

"Ṣé ẹ ṣì fẹ́ ẹ?"

"Kí n fi ṣe kí ni, mà?" Ohùn ọkùnrin náà fẹ́ dà bíi ti ẹni tí èèyàn ẹ̀ kú. "Ẹ ò sọ ọ́ nínú ohun tí ẹ kọ, ẹ̀tọ́ mi sì ni láti kọ̀ ọ́. Mo kọ̀ ọ́."

Aránṣọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ara tù ú débi pé kò mọ èwo ni kó ṣe. "Ẹ ṣé, Màmá," ó ń wí ṣáá. "Ẹ ṣé gan-an tí ẹ bà á jẹ́."

Màmá kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, kò sì bèèrè. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọkọ dá àga dúró, ó gbé e sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé dé. Màmá rọra jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó ti ọ̀pá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ló rí i pé àlejò fẹ́ máa lọ, ó sì di apá àga mú láti dìde kí i pé ó dàbọ̀. Ọmọ na ọwọ́, àna na ọwọ́, Ojú Àṣá pàápàá na ọwọ́.

"Ẹ gbọ́wọ́ yín kúrò lára mi," ni Màmá wí, ó sì dìde.