Kásẹ́ẹ̀tì Tó Ti Ìlú Òyìnbó Dé

Ìyá mi ti gbà pé ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Kò sọ ọ́ síta o, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rin tí ẹ̀gbọ́n mi ti lọ kàwé nílùú òyìnbó, lẹ́tà rẹ̀ sì ń dé déédéé. Tíṣà àdúgbò wa ló máa ń bá wa kà á. Ìyá mi á gbọ́ ọ tán, á ká bébà náà, á ní: “Ọmọ mi ń kólòlò. Ẹni tó kọ èyí ò kólòlò rárá.” A ṣàlàyé títí pé kò sẹ́ni tó ń kólòlò nínú lẹ́tà. Ó ní ká má fi òun ṣe ọmọdé, pé òun mọ bí wọ́n ṣe ń fi ikú ọmọ pamọ́ fún ìyá.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fò gba òrùlé jáde lọ́jọ́ tí obìnrin àdúgbò kejì kan, tó ti ìlú òyìnbó wá wo bàbá rẹ̀, gbé kásẹ́ẹ̀tì kan lé mi lọ́wọ́. “Ẹ̀gbọ́n rẹ sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Jímọ̀ ni mò ń padà, kí Ìyá ti fèsì kó tó dìgbà yẹn.” Ohùn! Kì í ṣe ìwé! Ọjọ́ Àlàrùbá lọjọ́ náà.

Ta ló sì ní rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì ní agboolé wa bí kò ṣe èmi? Ṣakí ni mo ti rà á. Ẹ̀gbẹ́ òfì tí mo fi ń hun aṣọ ni mo gbé e sí, kí n lè máa gbọ́ ọ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo tún yọ gbohùngbohùn ńlá kan lára rédíò àtijọ́, mo so wáyà mọ́ ọn, mo gbé e dé ẹnu ìkòkò omi kan tó ti sán. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ìkòkò yẹn máa ń jẹ́ kí ohùn kún, wọ́n ń gbọ́ mi dé ojú títì.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, gbogbo ilé kó jọ. Ìyá mi jókòó síwájú, ó wé gèlè bí ẹni tó fẹ́ gbàlejò. Mo tẹ̀ ẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì ń yí, ṣùgbọ́n ohun tó jáde nínú ìkòkò ni “wùù, wùù, wùù”, bí ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí bò lẹ́nu. Mo gbé ohùn sókè, wùù náà ló pọ̀ sí i. Ìyá mi gbọ́ ọ díẹ̀, ó dìde.

“Ẹ tún ti wá ọgbọ́n mìíràn dá,” ó ní, ó sì wọlé lọ.

Orí mi gbóná! Inú bí mi sí rédíò yẹn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ta á nípàá.

Mo wá jókòó, mo fara balẹ̀, ohun tí n kì í sábà ṣe. Mo yí i sí rédíò: ìròyìn ń dún ketekete. Ó dáa, bátìrì kọ́, wáyà kọ́, ìkòkò kọ́. Mo ki kásẹ́ẹ̀tì wáàsì tèmi bọ̀ ọ́: wùù, wùù. Háà! Àṣé kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n mi ò ṣe nǹkan kan! Inú mi dùn, mo pariwo. Ó ku irin kékeré dídán tí téèpù máa ń gbà lójú rẹ̀ kọjá, èyí tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń pè ní ẹ́ẹ̀dì. Mo gun kẹ̀kẹ́, ó di ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá ọjà. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Ó dọ̀tí ni. Fi lọ́fínńdà nù ún.” N ò dúró gbọ́ ìyókù.

Ilé wa kì í ṣaláìní lọ́fínńdà. Bàbá mi ní èyí tí wọ́n bá a mú bọ̀ láti Mẹ́kà nínú ìgò kékeré, tó máa ń fi para lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo bù ú láìtọrọ, mo fi nu ẹ́ẹ̀dì, mo tún fi kún un. Mo ki kásẹ́ẹ̀tì wáàsì bọ̀ ọ́. Yéè! Ohùn Àáfà ń fà tìọ̀-tìọ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ téèpù bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ aṣọ. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi dán an wò! Gbogbo ìdí òfì sì ń ta sánsán.

Láàárọ̀ Àlàmísì, mo padà lọ rojọ́ fún ọ̀gá, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. “Òróró lo fi kùn ún! Èyí tó ní ọtí nínú, tó máa ń gbẹ wéré, ni mò ń wí.” Ọtí! Lọ́fínńdà tó bá ní ọtí nínú kì í wọ ilé wa. Mo yà sí dìsípẹ́ńsárì, nọ́ọ̀sì bu sípíríìtì díẹ̀ fún mi, èyí tí wọ́n fi ń nu apá kí wọ́n tó gúnni lábẹ́rẹ́. Bàbá mi pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, imú rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n.

“Kí lo gbé wọ ilé mi?”

“Bàbá, ẹ̀rọ ló fẹ́ mu ún o, kì í ṣe èmi.”

Ó wò mí, ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá mi. “Ẹ̀rọ ò kúkú ń kírun,” ó ní. “Ṣe é níta.”

Abẹ́ igi máńgòrò ni mo ti ṣe é. Mo wé òwú mọ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, mo tì í bọ sípíríìtì, mo nu ẹ́ẹ̀dì. Ohun tó ń jáde! Aró, pupa, yẹ́lò: eruku òwú tí mo ti ń hun láti ọdún tó kọjá ló dì mọ́ ọn. Iṣẹ́ ọwọ́ èmi fúnra mi ló di ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu. Ojú tì mí, síbẹ̀ mò ń jó. Mo nù ún títí òwú fi ń jáde ní funfun.

Mo bẹ ìyá mi títí kó tó jáde. Kò jókòó, ẹnu ilẹ̀kùn ló dúró sí. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ tí ọkọ̀ kan kọjá nínú ìkòkò, kedere. Lẹ́yìn náà:

“Ì... ì... ì...”

Ó tún ti ń jẹ téèpù! Mo nawọ́ kí n pa á. Gbàù! Ìyá mi ti gbá mi lọ́wọ́, n ò mọ ìgbà tó débẹ̀.

“Má fọwọ́ kàn án! Òun nìyẹn! Jẹ́ kó sọ ọ́ tán!”

“Ì... ì... ìyá mi, ẹ kú ilé o.”

Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbá ìkòkò mọ́ra.

“Má kánjú, ọmọ mi,” ó ń sọ fún un. “Rọra sọ ọ́. Mò ń gbọ́.”