Ọmọ Inú Ìwé Tí A Gé Bí Èbù

Ṣílè mẹ́ta ni a ra ìwé ìtàn àròsọ kan nígbà tí a wà ní ilé-ìwé girama. Àwa márùn-ún la dá owó rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá mo tún rí i ní Ìlọrin, níbi tí mo ti lọ ṣàyẹ̀wò ojú mi. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án náírà ni wọ́n pè é. Nígbà èwe mi, owó yẹn ì bá kó gbogbo iṣu ọjà Òsì, ì bá sì ṣẹ́ kù.

Ẹ̀dà kan ṣoṣo la lágbára láti rà. Kò sì sí ẹni tó lè dúró de ẹlòmíràn, nítorí náà a ṣe é bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe iṣu: a fi ọ̀bẹ gé e sí márùn-ún bí èbù. Kálukú mú abala kan. Tó bá kà á tán, a gbé e fún ẹlòmíràn.

Ọmọ òrukàn ni akọni ìtàn náà, ọ̀dọ̀ ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀ ló ń gbé. Abala tó kọ́kọ́ kan kálukú ló fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ní ìbẹ̀rẹ̀ sọ pé ẹkún ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ní ìkejì ní aláfojúdi ni, torí ó máa ń bi àgbà ní ìbéèrè tí àgbà kò fẹ́ dáhùn. Nínú abala kẹta, tó kan èmi, ọmọ tí kì í bẹ̀bẹ̀ ni. Bí wọ́n bá fi oúnjẹ dù ú, yóò jókòó, yóò máa wo ògiri. A máa ń jà lé e lórí bí ẹni ń jà lórí àbúrò ẹni.

Abala ìparí wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wa kan, ará Ìdòfin. Kó tó gbé e fún wa, bàbá rẹ̀ kú, ó sì fi ilé-ìwé sílẹ̀ lọ dáko. Nígbà tí a lọ kí i, a bi í bí ìtàn ọmọ náà ṣe parí. Ó ní ọmọ náà sá kúrò nílé, ọdún gorí ọdún, ṣùgbọ́n ó padà wálé. A gbà á gbọ́. Mo rí ìwé náà lódidi ní yunifásítì, n kò ṣí i. Kí ni mo tún ń wá nínú ohun tí mo ti mọ̀?

Mo wá bí ọmọ kan tó fìwà jọ ọmọ inú ìwé náà. Àbíkẹ́yìn mi kì í bẹ̀bẹ̀, kì í sunkún lójú ènìyàn. Ọ̀rọ̀ kékeré kan bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa, ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Ó ti pẹ́. Bí ìyá rẹ̀ bá ń sunkún, èmi a sọ fún un pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń padà wálé. Orí ọ̀rọ̀ yẹn ni ìyá rẹ̀ kú sí.

Nígbà tí mo ra ìwé náà ní Ìlọrin, ìparí ni mo kọ́kọ́ ṣí. Ọmọ náà kò padà. Wọ́n ṣì ń retí rẹ̀ nígbà tí ìwé tán.

Mo padà sílé, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìdòfin. Ọ̀rẹ́ mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ abà iṣu rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú.

“Akọ̀wé,” ó ní, “ìwé lo ṣì ń gbé kiri? Ọ̀pá làwọn ẹgbẹ́ rẹ ń gbé.”

Mo bi í níbo ló ti kà á pé ọmọ náà padà wálé. Ó wá ní òun kò kà á rárá. Ìgbà tí òun gbé e délé, wọ́n ń palẹ̀ ìsìnkú mọ́, àwọn obìnrin sì ti fi ojú-ewé rẹ̀ di àkàrà fún àlejò.

“Ẹ jókòó yí mi ká, ẹ ń wojú mi,” ó ní. “Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ. Èmi náà fẹ́ kí ẹnì kan padà wálé.”

N kò lè bínú. Ìyàwó rẹ̀ gbé iṣu sísun wá, a jọ jẹ ẹ́.

Ẹni tó ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ti kú sí Kàdúná. Ẹni tó ní ìkejì wà ní Ìlọ́fà, ṣùgbọ́n kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́. Ẹnì kẹrin, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé òkú rẹ̀ wá sin ní Obbo-Ilé. Ará Ìdòfin náà kú lẹ́yìn ìkórè. Èmi ṣì wà. Ọmọ mi, n kò mọ̀ bóyá àwọn tó ti kú ni mo máa kà á mọ́ tàbí àwa tó ṣì wà.